Orúkọ Ẹja Tí Àwòrán Béèrè

Vilimaina ló ya àwòrán òkun tí a fẹ́ gbé sórí ìkànnì àwọn obìnrin apẹja Rewa, ní orílẹ̀-èdè Fiji, lọ́dún 2006. Flash, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán tó ń rìn, ló fi ṣe é, ó sì fi ActionScript, èdè kóòdù rẹ̀, kọ bí yóò ṣe máa ṣiṣẹ́. Tí èèyàn bá tẹ ẹja kan, àwòrán náà yóò béèrè orúkọ ẹja yẹn lọ́wọ́ JavaScript, kóòdù kejì tó wà lójú ewé ìkànnì náà. Ibẹ̀ la kó gbogbo orúkọ sí, kó lè rọrùn láti fi kún un.

Ìbéèrè ń lọ, ìdáhùn ò wá. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Ó ti sú Rajnesh, ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì Suva. Láàárọ̀ Jímọ̀, ó dúró lẹ́yìn àga Vilimaina.

"Vili, da gbogbo orúkọ yẹn sínú àwòrán, ká sinmi. Ọ̀sán yìí làwọn ìyá apẹja yẹn ń bọ̀."

"Ọ̀gá, tí wọ́n bá fẹ́ fi orúkọ míì kún un ńkọ́? Ṣé kí wọ́n máa wá bẹ̀ mí ni?"

"Wọ́n á mú ẹja wá bẹ̀ ẹ́. Kí ló burú níbẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Vilimaina ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọ̀gá lọ, Vilimaina rí i pé àṣẹ àtijọ́ tóun ń lò kàn ń ránṣẹ́ ni, kì í dúró gbọ́ èsì. Ó yọ ọ́, ó fi ExternalInterface.call sí i, èyí tó máa ń dúró. Ó tẹ ẹja. Ọ̀rọ̀ kan yọ: *null*, ìyẹn ni pé kò sí nǹkan kan.

"Ó kúkú ti ń fèsì," ni mo wí.

"Mereoni, jọ̀ọ́, fi mí sílẹ̀."

Ó fi ìka tọ JavaScript náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó dúró lójijì.

"Ó mọ orúkọ náà. Ó wá a rí, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ ojú ewé, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò fún ẹni tó bi í."

Ó fi ìlà kan kún un: return, àṣẹ tó ń dá èsì padà, pẹ̀lú orúkọ ẹja. Ó tẹ̀ ẹ́. "Walu" yọ sórí ẹja náà gàdàgbà. Ó tẹ òmíràn: "Saqa." Ó tẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

Lọ́sàn-án, àwọn obìnrin apẹja náà dé, Bubu Asenaca, ìyá àgbà wọn, sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ ẹja kan, orúkọ ò yọ, nítorí a ò tíì kọ ọ́ síbẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò mọ kanace?"

"Ẹ má bínú, Bubu. Ẹ fún mi níṣẹ́jú kan."

Vilimaina kọ ọ́ sójú ewé, kò fọwọ́ kan àwòrán rárá. Bubu tún tẹ̀ ẹ́. "Kanace" yọ. Ìyá àgbà náà wo ọ̀gá wa.

"Rajnesh, ta ló ṣe èyí?"

"Òun ni, Bubu," ni ọ̀gá wí, ó sì sún Vilimaina síwájú. "Mo ní kó fi í sílẹ̀, ó kọ̀ sí mi lẹ́nu."

Àwọn obìnrin náà pàtẹ́wọ́ títí àwọn ará ọ́fíìsì kejì fi yọjú.