Fùkù Tó Ń Mí Nínú Àpò

Ìyá Wálé, jókòó ná, ilẹ̀ gbígbá lè dúró. Lójú àlá, mo rí ara mi níbi iṣẹ́, níbi tá a ti ń sá fùkù màlúù gbẹ, tá à ń kó o ránṣẹ́ sókè òkun fún oúnjẹ ajá. O mọ̀ pé òfin ni pé kí dókítà ẹran yẹ màlúù wò láàyè kó tó lu òǹtẹ̀ síwèé. O sì mọ̀ pé lọ́jọ́ tí kò bá wá, òǹtẹ̀ rẹ̀ máa ń wà lọ́wọ́ mi.

Mo rí àwọn àpò inú kọnténà tí wọ́n ń wú sókè, tí wọ́n tún ń rọ̀ wálẹ̀. Fùkù gbígbẹ ló ń mí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó sùn. Ọ̀kan wúkọ́, ìyókù sì gbè é.

Dókítà wọlé, ó ti di ajá funfun ńlá kan, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Ó ní, "Ta ló yẹ èyí wò kí wọ́n tó pa á?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà. Òǹtẹ̀ yín nìyí."

Ó fi etí lé mi láyà, ó gbọ́ títí. Ó ní, "Èyí náà á lọ."

Ọwọ́ mi gbé òǹtẹ̀, ó lù ú sí mi láyà. Mo ti wà láàárín àwọn àpò, wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn kọnténà. Mo fẹ́ pè ọ́. Ikọ́ tí mo wú, tí o gbọ́ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ló jí mi.