Ìparí Tí Kanaran Kà fún Wa

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Sajitha máa ń gbé ìwé wá. Ilé ìkàwé abúlé wa ló ń bá ṣiṣẹ́. Á gbé àpò kọ́ èjìká, á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé lọ́dọ̀ àwa obìnrin àti àwọn arúgbó tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn débẹ̀ mọ́. Ìwé méjì mẹ́ta ló ń fún mi, á sì gba ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìyẹn ì bá tó. Ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti fún un ní ìwé pẹlẹbẹ kan, wọ́n ní kó máa kọ èrò àwọn òǹkàwé sínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, mi ò lè ka ìwé kí n sinmi. Wọ́n á bi mí dandan.

"Màmá, ti ọ̀gá ọlọ́pàá yẹn ńkọ́?"

Ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ ìtàn ayé ara rẹ̀, ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ojú ìwé.

"Kọ ọ́ pé mo kà á tán."

"Màmá, ìyẹn kì í ṣe èrò."

"Ó dáa. Kọ ọ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọkùnrin yẹn, kò ṣàṣìṣe rí. Gbogbo ẹni tó bá a jà ló padà wá bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ yọjú lẹ́ẹ̀mejì péré: ọjọ́ ìgbéyàwó, àti ọjọ́ tó gbé tíì wá fún mínísítà."

Sajitha ń rẹ́rìn-ín, ó ń kọ. "Ìtàn àròsọ ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba ẹ̀bùn yẹn ńkọ́?"

"Òjò ń rọ̀, ó ń mu kọfí. Òjò dá, ó ṣì ń mu kọfí. Mo wá iṣẹ́ tó ń ṣe títí, mi ò rí i. Ta ló ń ra kọfí fún un?"

"Kò sí ohun tó dùn mọ́ yín nínú."

"Ti obìnrin òṣèré yẹn dùn mọ́ mi. Ó rántí ohun tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ lọ́jọ́ tí àwọn òǹwòran sọ wọ́n lókùúta lórí ìtàgé. Ẹni tó bá rántí oúnjẹ, èmi á gba ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́."

"*Ebúté Òdìkejì* wá ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ ní kí n wá a fún yín, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un tẹ̀ ni."

"Mi ò tíì kà á tán."

"Ẹ ti kà á tán, Màmá. Mo rí i lójú yín."

"Sajitha, fi mí sílẹ̀. Ó rẹ̀ mí."

Kò purọ́, mo ti kà á tán. Òótọ́ sì ni pé ó rẹ̀ mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi yí bídí, sìgá eléwé tí àwọn ọkùnrin wa ń fà, eruku tábà sì ti sọ àyà mi di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn ló fa àárẹ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí.

Ilé-iṣẹ́ bídí náà ni mo ti bá ìwé pàdé. Ọgọ́ta èèyàn la jókòó sí ìlà-ìlà, olúkúlùkù pẹ̀lú àtẹ ewé lórí itan. Kí iṣẹ́ má bàa sú wa, a yan ẹnì kan nínú wa pé kó máa kàwé sókè fún wa: ìwé ìròyìn láàárọ̀, ìtàn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Kanaran ni. Kò ní fọwọ́ kan ewé, àwa la máa ń yí ìpín tirẹ̀ mọ́ tiwa, kò sì sẹ́ni tó ráhùn. Àwọn òǹkàwé ilé-iṣẹ́ mìíràn a máa fo ibi tó bá gùn, wọ́n a sì máa fi iyọ̀ ẹnu wọn sí i. Kanaran ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá parẹ́ nínú ìwé, á dúró, á ní, "Ọ̀rọ̀ kan parẹ́ níbí," á sì máa kà lọ. Mi ò mọ̀wé nígbà náà. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì kí n tó kọ́ ọ, nígbà tí wọ́n ń kọ́ gbogbo àgbà àdúgbò.

Ọdún tí mo pé mẹ́rìnlélógún ló ka *Ebúté Òdìkejì* fún wa. Ìtàn obìnrin kan ni, Chirutha, tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀, tí àwọn òbí rẹ̀ sì ti ilẹ̀kùn mọ́. Lọ́dún yẹn, ọkọ tèmi náà ti bá ẹlòmíràn lọ sí Mysore, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí sì kú lóṣù méjì lẹ́yìn náà. Mo ti pinnu. Kànga kan wà lẹ́yìnkùlé wa. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń dúró dè ni kí n gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ Chirutha máa já sí. Wọ́n ní bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ìtàn náà parí, Kanaran kà á pé Chirutha dé etí odò. Ó kà á pé ọkọ̀ ojú omi kan gúnlẹ̀, baba arúgbó tó ń tù ú sì bi í pé, "Ṣé ò ń sọdá ni, àbí omi lò ń wò?" Chirutha ní òun ò lówó lọ́wọ́. Baba náà ní, "Mi ò bi ọ́ léèrè owó." Ó wọkọ̀, ó sọdá. Lódìkejì, ó ríṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń lu èèpo àgbọn láti fi ṣe okùn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n bu ìrẹsì olómi fún un, ó sì ní òun á jẹun ná, ìyókù di ọ̀la. Níbẹ̀ ni Kanaran pa ìwé dé.

Mo lọ sílé. Mo se ìrẹsì olómi, mo ní kí n jẹun ná. Bí mo ṣe di arúgbó nìyẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo fi ojú ara mi ka ojú ìwé tó kẹ́yìn. Kò sí ọkọ̀ ojú omi. Kò sí baba arúgbó. Chirutha wọ inú odò lọ, àwọn apẹja rí aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ìwé sì tán.

Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. Kanaran tí kì í fi kún un, tí kì í yọ níbẹ̀, òun náà ló yọ odindi ikú kúrò nínú ìwé oníwé. Nítorí kí ni? Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn: ó rí mi. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Láàárín ọgọ́ta èèyàn, ó wo ojú mi, ó rí ibi tí mò ń lọ. Ọdún méjìlélógójì ni mo ti fi gbà pé kò sí ẹ̀dá tó rí mi lọ́dún yẹn, àní ìyá tó bí mi. Bí ẹnì kan bá rí mi, mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kí ọ̀kan nínú wa tó kú. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́.

Nítorí náà, bí Sajitha ṣe lọ tán, mo fi ìwé náà sábíyá, mo forí lé ilé Kanaran. Orúnkún mi ń bú mi ní gbogbo ọ̀nà.

Ó ti pé ọgọ́rin ọdún ó lé mẹ́rin. Àtọ̀gbẹ ti gba ojú rẹ̀ méjèèjì, orí ibùsùn ló sì ń gbé nínú yàrá iwájú. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbé tíì fún mi, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Kaumudi ni, Ẹ̀gbọ́n. Ti ìlà kẹta."

"Kaumudi oníkọ́. Mo ti gbọ́ ikọ́ rẹ láti ojú ọ̀nà."

"Ẹ̀yin náà ò kúkú sàn jù mí lọ."

"Àwọn tó ti kú ló sàn jù wá lọ. Jókòó."

Mo sọ orúkọ ìwé tí mo mú wá.

"Ẹyọ kan ni mo bà jẹ́ láyé mi," ó ní, "òun náà lo sì lọ gbé wá."

"Kí ló dé tí ẹ fi yí i padà?"

"Ikán."

"Ikán báwo?"

"Ikán ti jẹ ẹ̀yìn ìwé náà. Bí mo ṣe ṣí i báyìí, erùpẹ̀ ni mo bá. Ó yẹ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́. Àmọ́ mo gbọ́ tí gbogbo sísọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ fi ń gé ewé dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, pé ẹ ń dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yí ìpín mi mọ́ tiyín. Ojú tì mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́. Bàbá mi ló ń tukọ̀ nígbà ayé rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mo fi sí i. Ojú ò sì tíì yé tì mí."

Gbogbo ohun tí mo gbé rù wá láti ilé já bọ́ lórí mi. Ikán ni. Ẹnikẹ́ni ò rí mi. Mi ò ní tan yín, ó dùn mí dé ọkàn.

"Báwo ló ṣe parí gan-an?" ó bi mí. "Mi ò lè tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti ìgbà yẹn. Kà á fún mi."

Mo ṣí i. Mo kà á títí Chirutha fi dé etí odò. Mo wo arúgbó tó dùbúlẹ̀ yìí, mo ní, "Ọkọ̀ ojú omi kan sì ń bọ̀…"

"Kaumudi. Ohùn rẹ ti kúrò lórí ìwé. Kà á bó ṣe wà."

Mo kà á bó ṣe wà. Ó gbọ́ ọ dé orí aṣọ tí àwọn apẹja rí.

"Ó ti rẹ ẹni tó kọ ọ́ ni," ó ní. "Ó fẹ́ lọ sùn. Ìparí ọ̀lẹ nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kà á yẹn, èmi náà ń lọ."

"Lọ síbo?"

"Kànga ẹ̀yìnkùlé wa. Mo kàn ń dúró kí ìtàn parí ni."

Ó yí ojú rẹ̀ sí ibi tí ohùn mi ti ń wá.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún ẹnì kan?"

"Ẹ ń kàwé lọ́wọ́." Mo húkọ́, mo dúró kó lọ sílẹ̀. "Mo rò pé ẹ rí mi lọ́jọ́ yẹn ni. Ohun tí mo wá bi yín nìyẹn."

"Mi ò rí ọ. Irọ́ tí mò ń pa ni ò jẹ́ kí n gbójú sókè. Ìlà kẹta ò jìnnà sí mi. Mi ò rí ọ, Kaumudi. Má bínú."

Ó na ọwọ́, ó ń wá mi káàkiri orí ibùsùn. Ìwé ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìwé náà bọ́ sílẹ̀, Kanaran ò sì dúró gbọ́ ìró rẹ̀. Ó ń wá mi lọ títí ó fi kan ọwọ́ mi.