Igbákejì Aláriwo

Ní láàbù wa, ìnagijẹ là ń fún àwọn purotéènì inú ara, nítorí orúkọ tí ìwé fún wọn ń lọ́ ni láhọ́n. Èyí tí a ti ń lé láti ọjọ́ pípẹ́ là ń pè ní Aláriwo. Òun ló ń pariwo nínú oríkèé ẹni tó ní làkúrègbé, tí oríkèé fi ń wú. Ọ̀gá wa ti ṣe oògùn tó pa á lẹ́nu mọ́ nínú àwo àyẹ̀wò, Ọ̀gá sì ń rìn káàkiri bí ọkọ ìyàwó.

Màmá mi ní làkúrègbé lórúnkún. Látìgbà tó ti gbọ́ nípa oògùn náà ló ti ra bàtà gogoro pupa, tó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù de ọjọ́ tí ara á yá. Ó ti forúkọ sílẹ̀ láti wà lára àwọn tí wọ́n máa kọ́kọ́ fún lóògùn náà.

Iṣẹ́ tèmi kì í ṣe ti àwo, kọ̀ǹpútà ni mo ń lò. Mo ń ya bí àwọn purotéènì ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, odindi agboolé wọn, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà á sì ṣírò ohun tó máa ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. Mo wá pa Aláriwo lẹ́nu mọ́ nínú àwòrán mi. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ẹnì kan tí a ò kà sí dìde láti inú irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn nítòsí, tó gba ariwo náà ṣe. Mo sọ ọ́ ní Igbákejì. Oríkèé tún wú. Inú mi bàjẹ́, mo tún iṣẹ́ náà ṣe, bóyá èmi ni mo ṣì í. Igbákejì kò yẹsẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan."

Ó wò ó, ó yínmú. "Ìwọ àti kọ̀ǹpútà ẹ! Àwo mi ò purọ́ rí."

"Kò purọ́, sà. Ṣùgbọ́n irú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lẹ fi sínú ẹ̀. Ta ló máa gba ariwo ṣe níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká kó irú méjèèjì pọ̀."

Ó kùn, ó ráhùn, ó pè mí ní ọ̀tá ìlọsíwájú, àmọ́ ó kó wọn pọ̀. Nígbà tó fi máa padà wá, ojú ẹ̀ ti rọ.

"Igbákejì ẹ ti dé o," ó ní. "Oògùn yẹn ò lọ síbì kankan mọ́. Kí ni kọ̀ǹpútà ẹ wí pé ká ṣe?"

"Ká rọra tẹ àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀, dípò ká fún ẹnì kan lọ́rùn pa."

"Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo jàre, ó sì ń dùn mí wọra.

Nígbà tí mo délé, Màmá ń ká aṣọ lórí àga. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún un.

"Ká ní o dákẹ́, wọ́n á ti fún mi lóògùn náà?"

"Wọ́n á fún yín, Màmá. Ara á tù yín díẹ̀, lẹ́yìn náà ìrora á padà."

"Ìwọ fúnra ẹ lo sì lọ sọ fún wọn?"

"Èmi ni, mà."

Ó ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀ tán. Omi ti ń dà lójú mi. Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé bàtà yẹn sọ̀ kalẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí mi. "Bá mi wọ̀ ọ́."

Mo kúnlẹ̀, mo rọra wọ̀ ọ́ fún un, nítorí orúnkún yẹn.

"Ó yẹ yín gan-an, mà."

"Mo mọ̀," ó ní, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Màá máa fi jókòó títí ẹ ó fi ṣe èyí tó dáa. Ṣùgbọ́n sọ fún Ọ̀gá ẹ pé kó yára o. Mi ò rà á fún orí àga."