Òkú Tó Jókòó Níbi Àsè

Kúnbi, olùdarí eré orí ìtàgé, wá ra pákó ní ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjà Dei-Dei, l'Abuja, ló bá wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Tájù, ẹ ò ní bá wa ṣe òkú?"

Mo rẹ́rìn-ín títí páànù òkè orí wa fi ń mì. Eré òyìnbó àtijọ́ kan ló fẹ́ ṣe, tí àwọn ará Ítálì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di orin. Balógun pa ọba, ó jọba. Ó tún ní kí wọ́n pa ọ̀rẹ́ rẹ̀, òkú ọ̀rẹ́ náà sì wá jókòó níbi àsè. Ṣùgbọ́n Kúnbi ò fẹ́ adé, kò fẹ́ idà. Agbaṣẹ́ṣe ìjọba ni balógun tirẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Idu sì ni ààfin.

"Ẹ ò ní kọrin. Ẹ kàn máa jókòó. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wò yín, àfi ọba."

Ìyẹn ò lè ṣòro fún mi. Lọ́dún tó kọjá, mo ní kí wọ́n kéde ikú mi fún ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo ọjà tì pa, ààfáà dé. Ni mo bá yọ lẹ́yìn òkìtì pákó, mo ní, "Sàráà mi dà?" Latifah, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi, ti sáré láti báǹkì wá láìwọ bàtà. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò ní rí mi mọ́." Mo rò pé eré ló ń ṣe.

Látìgbà náà, tẹlifíṣọ̀n ni mò ń kí káàárọ̀. Kì í dáhùn. Ọṣẹ ló ń polówó.

Mo fi tíkẹ́ẹ̀tì méjì ránṣẹ́. Yàkúbù onísímẹ́ǹtì kọ tirẹ̀: "Kai, Tájù! Ìwọ àti òkú! Irọ́ ẹ ti ga ju òkè Zuma lọ." Mo fi ti Latifah ránṣẹ́ láìsọ ohun tí màá ṣe. Mo fẹ́ kó yà á lẹ́nu, kó rẹ́rìn-ín, ká jọ lọ jẹun.

Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n kun pọ́dà sí mi lójú, wọ́n da ọ̀dà pupa sí mi lọ́rùn. Ìyàwó ọba kọrin débi pé màlúù Dei-Dei á ti sá dé Kaduna. Mo wọlé. Àwọn ogún èèyàn tó ń jẹ àsè ò wò mí.

Ìlà ìjókòó kẹta láàárín èrò: Latifah! Ọkàn mi fò dé Kuje, ó padà.

Ó rí mi. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó mú báàgì rẹ̀, ó dìde.

Ọba ń pariwo orin sí mi lójú. Mo fò sókè. "Latifah! Mo wà láàyè o! Ọ̀dà ni!"

Gbogbo èrò pàtẹ́wọ́, wọ́n súfèé. Wọ́n rò pé ara eré ni.

Nígbà tí mo dé ìta, ọkọ̀ rẹ̀ ti wọ àárín àwọn tírélà. Mo pè é lórí fóònù, ó dún títí ó fi já. Mo fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tó wá sí mi lẹ́nu ló jọ àwàdà. Mo gbé fóònù sẹ́nu, mo kàn ń mí sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Mo fi èémí náà ránṣẹ́ sí i.