Saka Bàbá Bàbá Mi

Ní abúlé wa, eegun kókósẹ̀ àgùntàn la fi ń ta ayò. Èyí tó tóbi jù, tí a fi ń lu ti ẹlòmíì, là ń pè ní saka. Saka tèmi pupa, ó sì wúwo. Bàbá bàbá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi. Obìnrin kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Akbota ọmọbìnrin mi pàápàá, tó ń wú eegun ẹran àtijọ́ kiri lẹ́yìn òkè, kò dì í mú rí.

Lọ́jọ́ ọdún Nauryz, tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun, mo jù ú lu ti Tolegen aládùúgbò mi. Gbàù! Saka mi là sí méjì. Inú rẹ̀ ń dán. Òkúta ni!

Òkúta, nínú ayò eegun?

"Ẹ wá wo olè o!" Tolegen fi igbe bọnu. "Saduakas, ìwọ àti bàbá bàbá ẹ, òkúta lẹ ti fi ń jẹ wá látọjọ́ yìí!"

Kí wọ́n bú mi, mo lè gbà á. Ṣùgbọ́n kí wọ́n pe òkú ní olè? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Akbota kúnlẹ̀ sínú eruku, ó pa ìlàjì méjèèjì pọ̀, ló bá bú sẹ́kún. "Bàbá, eegun ni! Ó pẹ́ débi tó fi di òkúta. Ẹran onípátákò kan tó ti parẹ́ láyé ló ni ín. Gbogbo wàhálà mi, àgbọ̀n rẹ̀ kan ṣoṣo ni mo rí."

"Ọmọ olè ń gbèjà olè," ni Tolegen wí. "Ṣé ẹsẹ̀ kan ni ẹran ọ̀hún fi ń rìn ni? Ìyókù dà?"

Ibẹ̀ ni mo ti rántí. Bàbá bàbá mi ní ìdí ààrò ilé wa lòun ti rí i, nígbà tóun ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Mo gbé díígà, mo wọlé, Tolegen àti Akbota tẹ̀ lé mi, mo dojú ààrò dé.

"Bàbá Akbota, ṣé orí yín dàrú ni?" Bibigul ìyàwó mi ké. "Níbo ni kí n ti dáná?"

Mò ń gbẹ́ ẹ lọ títí Akbota fi bẹ́ sínú kòtò. "Ẹ rọra, Bàbá! Ẹ dúró!" Ó fi ìka yọ eegun kókósẹ̀ kan jáde. Tolegen gbà á, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó là. Ìbejì ni wọ́n: ọ̀kan tọ̀tún, ọ̀kan tòsì. Ó ṣí fìlà.

"Saduakas," ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "bàbá bàbá ẹ kì í ṣolè."

Omijé bọ́ lójú mi. Mo nawọ́ láti gbà á, Akbota já a gbà pẹ̀lú saka tó là.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ò ní fi èyí ta ayò o!"

Obìnrin ni, ó sì di saka bàbá bàbá mi mú girigiri. Mo fa ọwọ́ mi padà.