Àmín Tó Há sí Ọlákúnlé Lẹ́nu

Nígbà yẹn, ọkọ mi wà láyé. Mọ́pẹ́ àbúrò wọn náà wà láyé ní ọsibítù kan ní Richmond, bí èèyàn bá lè pe ìyẹn ní wíwà. Ẹ̀rọ tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ lọ́fun ló ń mí fún un, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń bá ara wọn jà lẹ́nu ọ̀nà, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ìyá wọn fẹ́.

Bí a ṣe ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lórí freeway, ọkọ mi ní, “Ìyá Ọlákúnlé, má jẹ́ kí wọ́n ṣe mí báyìí o. Ilé ni kí n ti lọ.”

Mo ní mo gbọ́. Gbígbọ́ rọrùn.

Hafsah, nọ́ọ̀sì ọmọ Ìlọrin tó ń wá tọ́jú ọkọ mi nílé nítorí àìsàn ọkàn, gbé ìwé kan wá. Ó ní bí bàbá ò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, ìwé náà ni yóò sọ ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ àti èyí tí wọn ò fẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀: “Bàbá, tí ọkàn yín bá dúró, ṣé kí wọ́n...”

Ọlákúnlé, àkọ́bí wa, kò jẹ́ kó parí ẹ̀. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Sister, ẹ káwé yín. Ta ló ń fẹnu pe ikú fún bàbá ẹ̀?”

Engineer ni o, nílé iṣẹ́ epo rọ̀bì ní Deer Park! Gbogbo ohun tó lè bú gbàmù níbẹ̀ ló ti múra dè.

Mo sin Hafsah dé ìdí mọ́tò. “Ọmọ mi, ìbéèrè yẹn dà bí èpè létí wa. Àdúrà la fi ń sọ irú ẹ̀. Padà wá lọ́jọ́ Sunday.”

Lọ́jọ́ Sunday, a jẹun tán, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà.

“Ẹ ò ní fọwọ́ yín sin ọmọ.”

“Àmín!”

“Ẹ̀yin lẹ ó sin mí.”

“Àmín!”

“Lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ, wọn ò ní ki ẹ̀rọ bọ̀ mí lọ́fun. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ni n ó wà, ẹ ó sì yí mi ká.”

Olúbùkọ́lá, ìyàwó Ọlákúnlé, ló ṣe àmín kíkan jù. Ọkọ ẹ̀ ò ṣe é, èmi ló kọjú sí.

“Màámi, iṣẹ́ ọwọ́ yín nìyí.”

“Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ṣe àmín.”

“Tí dókítà bá lè wò wọ́n sàn ńkọ́?”

Hafsah ní ìwé náà ò dí ìwòsàn lọ́wọ́, ìgbà tí ìwòsàn bá ti tán ló ń sọ. Bàbá sì lè yí i padà nígbàkígbà.

Ọkọ mi wò ó. “Kúnlé, ìwọ ni dáwódù. Ìwọ ni mo fẹ́ kó sọ ọ́ fún wọn. Àbí kí n lọ bẹ aládùúgbò?”

Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́. “Àmín, sà.”

Hafsah tún bi ọkọ mi ní ìbéèrè inú ìwé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n dáhùn, wọ́n fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí.

Àárọ̀ ni ọjọ́ náà dé. Èémí ọkọ mi ń ṣe ségesège. Olúbùkọ́lá gbá fóònù mú, ó fẹ́ pe ambulance. Ká sòótọ́, èmi náà fẹ́ kó pè é.

Ọlákúnlé ní, “Gbé e sílẹ̀. Hafsah ni kó o pè.” Òun ló sọ ọ́, bí bàbá ẹ̀ ṣe fẹ́. Ó gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé orí bàbá ẹ̀ lé itan. A yí wọn ká. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba fèrèsé wọlé nígbà tí ọkọ mi mí èémí tó kẹ́yìn.