Àmì Kútẹ́ẹ̀sì Lára Púlọ́ọ̀gì Bàbá

Roqeeb to púlọ́ọ̀gì mẹ́rin síwájú mi lórí káńtà ìsọ̀ rẹ̀ ní Làgéré, ó ní tòkunbọ̀ láti Bẹ́ljíọ̀mù ni. Mo gbé ọ̀kan sójú. Ẹnu mi là, mi ò rí i pa dé. Púlọ́ọ̀gì mọ́tò bàbá mi ni.

Kì í ṣe pé ó jọ ọ́ o. Òun gan-an ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dá a mọ̀, kí ẹ tó ní orí mi ò pé. Bàbá mi, Àjíṣafẹ́, tí gbogbo Mọ̀ọ́rè ń pè ní Bàbá Ìǹsípẹ́kítọ̀ nítorí iṣẹ́ àbẹ̀wò ilé-ìwé tó ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, kò fọkàn tán mẹkáníìkì kankan láyé yìí. Ó ní wọ́n á yọ ojúlówó, wọ́n á fi jákujàku dípò. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá máa wọ inú Pijó rẹ̀ àtijọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àmì kútẹ́ẹ̀sì. Bátìrì ní àmì. Táyà ní àmì. Ìdérí ibi tí a ń bu omi sí gan-an ní àmì. Ìgo kútẹ́ẹ̀sì pupa Màmá ló máa ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá ló ti ní kí èmi máa bá òun ṣe é, ó ní ọwọ́ òun ń gbọ̀n. Tèmi sì jẹ́ àwọ̀ àlùkò tó ń dán wínníwínní. Mo máa ń kán an sí ibi funfun ara púlọ́ọ̀gì, méjì lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.

Méjì lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ ló wà lára èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Mo gbé ìkejì, bákan náà. Ìkẹta, bákan náà.

“Roqeeb, níbo lo ti rí eléyìí?”

“Mọ́mì, Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti kó o wá. Ẹ wo bó ṣe mọ́. Púlọ́ọ̀gì ọlọ́rùn gígùn tí ẹ ní kí n wá fún yín náà ni. Wọn ò tíì lò ó púpọ̀ lọ́hùn-ún.”

“Ṣé àwọn òyìnbó Bẹ́ljíọ̀mù máa ń kun kútẹ́ẹ̀sì sára púlọ́ọ̀gì ni?”

Ó wo púlọ́ọ̀gì, ó wo èékánná mi tí mo kùn ní àwọ̀ kan náà, ó tún wo púlọ́ọ̀gì. Ó ní bóyá àmì iléeṣẹ́ wọn ni.

Ẹ gbọ́, èmi Abímbọ́lá, ìbínú mi kì í ránṣẹ́ kó tó dé. Wọ́n mọ̀ mí bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì wa ní yunifásítì. Láti oṣù Kíní ni Pijó ti ń wúkọ́ bí arúgbó nínú ọyẹ́. Mo ra púlọ́ọ̀gì tuntun mẹ́rin ní oṣù Kíní, wọ́n kú. Mo ra mẹ́rin ní oṣù Kẹta, wọ́n kú. Àwọn èèyàn ní tuntun inú ọjà ò ṣeé gbára lé mọ́, pé tòkunbọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ lókè òkun ló sàn. Ìdí tí mo fi wá sọ́dọ̀ Roqeeb lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ yìí nìyẹn. Ní Sátidé, ìkórè ni ní ìjọ Bàbá ní Ìpetumodù, níbi tí wọ́n ti bí i. Bàbá ò pa á jẹ rí, fúnra rẹ̀ ló sì máa ń wa ara rẹ̀ lọ. Kò ní wọ tàkísì, kò ní gun ọ̀kadà, kò sì ní jẹ́ kí ọmọ gbé òun. Tí Pijó ò bá lọ, òun ò lọ. Láti ìgbà tí mọ́tò ti ń ṣàìsàn, ṣe ló ń jókòó sí fàráńdà láti àárọ̀ di alẹ́, oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ó ń gbẹ lójú mi. Mo ti búra pé mọ́tò yẹn á dún kí Sátidé tó pé.

Àṣé olè ló ń jà wá! Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣí bónẹ́ẹ̀tì Pijó, Abdulmumin mẹkáníìkì ni. Ọdún méjìdínlógún ló ti ń tún un ṣe. Mo kó púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú báàgì láìdúnàá-dúrà, mo forí lé ìsọ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà Òndó.

Abẹ́ mọ́tò kan ló wà nígbà tí mo dé. Mi ò kí i.

“Bàbá Sàúdátù, ẹ jáde síta! Olè ni yín! Bàbá mi mà fi yín ṣe ọmọ!”

Àwọn oníbàárà mẹ́ta tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì dìde dúró. Abdulmumin rọra fà jáde, ó nu ọwọ́, ó gba púlọ́ọ̀gì lọ́wọ́ mi. Nígbà tó rí kútẹ́ẹ̀sì, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè Lárúbáwá, ojú rẹ̀ sì yí padà.

“Wàláhì, Ìyá Dámiláre, mi ò mú nǹkan Bàbá rí. Ẹ dúró.”

Ó wọlé, ó mú agolo kan jáde, ó da púlọ́ọ̀gì mẹ́rin tó dúdú kirikiri sílẹ̀. “Àwọn tí mo yọ ní oṣù Kẹta nìyí. Ẹ wò wọ́n. Ẹ wá àmì yín lára wọn.”

Mo fi etí aṣọ mi nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí àmì. Kò sí àpá àmì pàápàá.

“Èmi náà rí i lọ́jọ́ yẹn pé kò sí,” ó ní. “Mo sì fi han Bàbá. Ṣé ẹ ò rántí ni? Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Bàbá gbé e sójú, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní, ‘Àmì wà níbẹ̀, Abdulmumin. Mo rí i.’ Kí wá ni kí n sọ? Kí n wí fún Bàbá Ìǹsípẹ́kítọ̀ níwájú ọmọ wọn pé kò sí níbẹ̀?”

 Mo rántí dáadáa. Mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ Bàbá lọ́jọ́ náà. Èmi tí mo kán kútẹ́ẹ̀sì yẹn fúnra mi, mi ò wo púlọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá ti ní àmì wà níbẹ̀. Ta ló ń wo ohun tí Bàbá ti wò?

Abdulmumin bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Roqeeb.”

Bí Roqeeb ṣe rí àwa méjèèjì, Bẹ́ljíọ̀mù tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, Mọ́mì. Màmá àgbà kan ló ń kó wọn wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wá. Mo ti ta àwọn ti àkọ́kọ́.”

“Èló lo ń rà á lọ́wọ́ wọn?”

“Wọn kì í gba owó. Ṣe ni wọ́n máa ń ní kí n fi èyí tó ti kú pààrọ̀ rẹ̀ fún àwọn. Mẹ́rin fún mẹ́rin. Mo sọ fún wọn pé, ‘Màmá, tiyín ló dáa o,’ wọ́n ní àwọn mọ̀. Aṣọ tí wọ́n fi dì í wá rèé.”

Ó fa àkísà kan yọ lábẹ́ káńtà. Mo wò ó. Àǹkárá aláwọ̀ ewé tó ní ẹyẹ funfun lára, àgékù aṣọ tí wọ́n fi rán búbá Àjíǹde fún mi. Búbá náà wà lọ́rùn mi bí mo ṣe dúró yẹn. Màmá mi ló rán an.

Mo jókòó sórí bátìrì tí mo rí nítòsí. Roqeeb ń wo búbá mi, ó ń wo àkísà ọwọ́ rẹ̀, òun náà ya ẹnu. Abdulmumin nìkan ló gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ fún gbogbo èébú tí mo kó lé e lórí, ó fi ọwọ́ dá mi dúró.

“Ẹ máa lọ sílé, Ìyá Dámiláre,” ó ní. “Ẹ máa lọ sílé.”

Ìdí máṣíìnì ìránṣọ ni mo bá Màmá lẹ́yìnkùlé. Mo tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síwájú rẹ̀. Mo rò pé á sẹ́, mo ti múra ìjà. Kò sẹ́. Ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì, ó ní, “O pẹ́ kí o tó dé.”

“Màmá! Ẹ̀yin? Ta ló kọ́ yín ní púlọ́ọ̀gì yíyọ?”

“Ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ń di fìtílà mú fún bàbá yín tí wọ́n bá ń tún mọ́tò ṣe, ṣé o rò pé mo ń sùn ni? Òwú ni mo so mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan, pupa, búlúù, funfun, dúdú, kí wọ́n má baà pa ipò dà.”

Ìyá mi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin! Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n ké.

“Kí ni Bàbá fi ṣe yín?”

Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ní oṣù Kejìlá, à ń bọ̀ láti Ìpetumodù. Ọ̀sán gangan ni. Obìnrin kan pọn ọmọ, ó dúró létí títì. Bàbá yín darí mọ́tò sí i tààrà. Mo lọgun, mo fọwọ́ gbá sítíárìnì mú, mọ́tò sì yà wọ inú koríko. Obìnrin náà ṣubú, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń ké, Ọlọ́run nìkan ló yọ wọ́n. Bàbá yín wá kọjú sí mi, Bím, wọ́n ní, ‘Kí ló dé? Kí lo rí?’”

“Àbí wọn ò rí i ni?” mo bi í.

“Wọn ò rí obìnrin yẹn rárá. A lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ó ní ìríran tó ti lọ ti lọ, ìwọ̀nba tó kù náà ń lọ. Bàbá yín ní kí n má sọ fún ẹ̀yin ọmọ. Wọ́n ní àwọn ṣì mọ ọ̀nà Ìpetumodù bí ẹni mọ ojú owó. Bíbélì ni wọ́n fi mú mi búra. Mo sì búra pé mi ò ní sọ. Mi ò búra pé mi ò ní fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì.”

“Mo gbọ́ ọ,” ni ohùn kan wí lẹ́yìn wa.

Bàbá ni. Ó ti dúró sí ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ kan lára ògiri. Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Láti oṣù Kíní ni mo ti mọ̀,” ó ní. “Nínú àpótí irinṣẹ́ mi, ìdí sípánà púlọ́ọ̀gì ló máa ń kọjú sí mi. Tí ìyá yín bá dá a padà, orí rẹ̀ ló ń kọjú sí mi. Ojú mi ló lọ, ọwọ́ mi ò lọ.”

“Bàbá, ṣebí ẹ sọ fún Abdulmumin pé àmì wà níbẹ̀!”

“Bí mo bá ní kò sí, ẹ ó wá olè. Bí ẹ bá wá olè, ta ni ẹ ó mú?”

Ó táràrà títí ó fi rí àga, ó jókòó. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń wọ kíláàsì tí àwọn tíṣà fi ń gbọ̀n, mi ò rí i kó jókòó báyẹn rí.

“Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bà jẹ́, wọ́n á ní kó pẹ̀lẹ́,” ó ní. “Ẹni tí ojú rẹ̀ bà jẹ́, wọ́n á máa fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìgbẹ́. Èmi fẹ́ kí wọ́n ṣì máa kí mi pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ pé ìwọ Abímbọ́lá ti lọ ra òmíràn nítorí Sátidé, ẹ̀rù bà mí. Mo mọ ara mi. Tó bá dún, màá wà á.”

 Màmá ti ń sunkún sínú aṣọ tó ń rán lọ́wọ́.

“Sátidé ńkọ́, Bàbá?” mo bi í.

“Tàkísì ni màá wọ̀. Ṣebí mọ́tò mi ò yá.” Ó na ọwọ́ sí mi. “Yọ àwọn òkú púlọ́ọ̀gì tó wà nínú Pijó wá. Mú kútẹ́ẹ̀sì rẹ náà wá.”

Màmá ló yọ wọ́n. Ó ti yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí n tó mọ èwo ni bónẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí Bàbá jẹ́ kí n bá wọn kán an, Bàbá kọ̀, ó ní àwọn wọ̀nyí, òun fúnra òun ni yóò kán an. Tí Abdulmumin bá rí àmì òun lára wọn, á mọ̀ pé òun ni kò fẹ́ kí mọ́tò dún mọ́, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ wọ́n.

Bàbá ki búrọ́ọ̀ṣì bọnú ìgo, ó gbé e síwájú. Ó kán an sórí òfìfo. Màmá yára gbé púlọ́ọ̀gì wá sábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì náà, bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe ń yà lòun náà ń yà tẹ̀ lé e. Méjì lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bàbá kán an lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dẹ́kun, ó gbé ojú sókè sí ibi tó rò pé mo wà.

“Àmì wà níbẹ̀?”

Gbogbo kútẹ́ẹ̀sì náà wà lórí ìka Màmá.

“Àmì wà níbẹ̀, Bàbá,” mo ní. “Mo rí i.”